Wọ́n Pè É Ní Dókítà, Ó sì Jẹ́ Ẹ

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ju oúnjẹ lọ. Mo mọ̀ yín. Ẹ ti fo ojú ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irun, ẹ sáré wá bá mi níbí. Ẹ káàbọ̀ o.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí mọ̀ pé mò ń sọ ọ́. Òun gan-an ló ní kí n sọ ọ́, ó ní kí n má fi nǹkan kan bò. Mo ní kí ni kí n pe orúkọ ẹ̀? Ó ní kí n pè é ní Ọládòṣù. Torí náà, tẹ́ ẹ bá mọ Ọládòṣù kan ní Manchester, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí. Kì í ṣe òun.

Ọdún 1989 ni. Ọládòṣù ń gbé yàrá kan ní Rusholme, àdúgbò kan ní Manchester, lókè ilé oúnjẹ àwọn ará Pakistan. Òórùn kọ́rì á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á jókòó tì í. Àlejò kan ṣoṣo tó ń ní nìyẹn.

Ìwé ló wá kà, ìwé sì kọ̀ ọ́. Àwọn tí wọ́n jọ wọ bàálù wá ti gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n ti padà sílé lọ di ọ̀gá. Òun ò lè padà lọ́wọ́ òfo, ló bá gba iṣẹ́ ní ọsibítù kan níbẹ̀.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni o. Iṣẹ́ nọ́ńbà ni. Ìwé ńlá kan wà ní ófíìsì wọn, gbogbo àìsàn ayé ló ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú ìwé náà. Dókítà á kọ ohun tó rí lára aláìsàn, kíkọ tó dà bí ìgbà tí adìẹ bá tan ilẹ̀. Ọládòṣù á wá nọ́ńbà tó bá a mu, á kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí aláìsàn náà bá jẹ́ àlejò ìlú òkèèrè tí òfin ní kó sanwó, òun náà ló ń fi káàdì ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ bíìlì.

Tábìlì tiẹ̀ ni wọ́n ń kó X-ray ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ọwọ́ wá. Ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kò sì fojú kan ọmọ kan rí.

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní orúkọ ẹ̀ gùn jù, wọ́n gé e sí "Laddie". Bí wọ́n ṣe ń pe ọmọdékùnrin níbẹ̀ nìyẹn. Èèyàn tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún!

Tó bá jí láàárọ̀, á dúró síwájú dígí, á ní, "Ọládòṣù, ṣé dáadáa lo jí?" Á yí ohùn padà: "Dáadáa ni, a dúpẹ́. Ilé ńkọ́?"

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ lọ gbé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní pe orúkọ yín bó ṣe yẹ fún odindi ìgbà òtútù kan, ká wá wo ohun tẹ́ ẹ máa bá dígí tiyín sọ.

Ọjọ́ kan, ó mú káàdì kan, ó fẹ́ kọ nọ́ńbà sí i. Ló bá rí orúkọ ọmọ náà. Ìyániwúrà Bánjọ. Ọmọ oṣù márùn-ún. Àdírẹ́sì ilé wọn, Stretford.

Ó ka orúkọ náà sókè. Cynthia, ọ̀gá wọn, obìnrin Jamaica kan tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù, gbójú sókè. "Kí lo wí, Laddie?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

Òfin iṣẹ́ wọn ò ṣòro. Ohun tóo bá rí lórí káàdì, orí káàdì ni kó wà. Ọládòṣù mọ òfin náà bó ṣe mọ orúkọ ìyá ẹ̀. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì yẹn kọ̀, kò kúrò lórí ẹ̀. Ó jẹun, àdírẹ́sì ń bẹ níbẹ̀. Ó sùn, ó ń bẹ níbẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, ó ra ọṣẹ ọmọ àti páúdà, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó di Stretford.

Obìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn, ó gbé ọmọ sí èjìká.

"Ẹ kú ilé o," Ọládòṣù kí i. "A gbọ́ pé ara ọmọ ò fi bẹ́ẹ̀ dá ṣáṣá, a ní ká wá kí yín."

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi. Ta ló ń bi ẹni tó wá kí aláìsàn ilé ẹ̀ pé, "Ta ló sọ fún yín?" Ṣé bí ìyá tiyín ṣe kọ́ yín nìyẹn? Ìyàwó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ òun ni. Ọkọ jáde láti yàrá, ó rò pé ará ṣọ́ọ̀ṣì ìyàwó òun ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ṣeun, wọ́n fà á wọlé.

Ọkọ ń jẹ́ Olúṣọlá, ó ń ka ìwé gíga ní yunifásítì. Ìyàwó ń jẹ́ Monísọ́lá. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata fún un. Bó ṣe fi ẹnu kàn án, omi bọ́ lójú ẹ̀.

"Ata ti pọ̀ jù ni?" Monísọ́lá bi í.

"Rárá o. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Olúṣọlá ní, "Ibo lẹ ti ń ṣiṣẹ́ ná?"

"Ọsibítù ni."

"Áà!" Monísọ́lá pàtẹ́wọ́. "Dókítà! Ọlọ́run ló rán yín sí wa."

Ibí yìí gan-an ni o. Ibi tó ti yẹ kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, akọ̀wé ni mí." Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré, kò wúwo. Ọládòṣù ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bu ìrẹsì sẹ́nu.

Ẹ̀rín yẹn ló ṣe gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Látìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń wà nílé Bánjọ. Wọ́n á fi ìyẹ̀fun ìrẹsì rokà, wọ́n á se ilá sí i. Monísọ́lá á ní, "Dókítà, ẹ wá jókòó sápá ibi tó móoru." Olúṣọlá á ní, "Dókítà, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí, ṣé ìyàwó mi ò ní pa mí báyìí?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jiyàn, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Bó bá di alẹ́, á padà sí Rusholme, kò ní bá dígí sọ̀rọ̀. Ẹnu ti rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kan Olúṣọlá wọlé lọ wá ìwé kan. Monísọ́lá sún mọ́ Ọládòṣù, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Dókítà, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ yìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún á ṣí, tòsì ò ní ṣí dáadáa. Ó dà bíi pé ó kúrú ju èkejì lọ. Wọ́n ti ṣe X-ray ẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Ṣé èmi ni mo ṣe é?" Ojú ẹ̀ ti pọ́n. "Bí ìyá mi ṣe wẹ àwọn àbúrò mi lójú mi ni mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Mo ń nà á lápá, mo ń nà á lẹ́sẹ̀, mo ń mú un lẹ́sẹ̀ méjèèjì gbé e kọ́. Nọ́ọ̀sì kan rí mi lọ́jọ́ kan, ojú tó fi wò mí, Dókítà! Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní mo fa ẹsẹ̀ ọmọ mi yọ. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì sọ fún bàbá ẹ̀."

"Wọn ò ní gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," Ọládòṣù wí. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó."

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó lọ wo káàdì tí òun fúnra ẹ̀ fi nọ́ńbà sí. Nọ́ńbà tó rí níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń kọ fún ọmọ tí wọn ò rí àìsàn kan pàtó lára ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ló kọ ọ́. Inú ẹ̀ dùn. Kò wo nǹkan míì.

Lọ́jọ́ Àìkú, kò tíì bọ́ kóòtù tó fi ní, "Mo ti wò ó. Wọn ò rí nǹkan kan."

Monísọ́lá kúnlẹ̀ wò ó bí ẹni wo áńgẹ́lì. Ó gbá ọmọ mọ́ra, ó sunkún, ó jó, ó tún sunkún. Olúṣọlá ní, "Kí ló dé?" Ìyàwó ní, "Kò sí nǹkan kan! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Kò sí nǹkan kan!"

Ẹran tí wọ́n fún Ọládòṣù lọ́jọ́ náà, ẹ ẹ̀ bá jowú.

Nígbà tó yá, ọsibítù ní kí wọ́n gbé ọmọ wá. Appointment. Olúṣọlá bi í níbi tí wọ́n jókòó sí.

"Dókítà, ṣé ó pọn dandan ká lọ? Ẹ dẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwa àlejò. Tí wọ́n bá wá kọ bíìlì gọbọi fún wa ńkọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìbéèrè kan ṣoṣo tí Ọládòṣù mọ ìdáhùn ẹ̀ lámọ̀dájú láyé yìí nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì, òun àti aya àti ọmọ ẹ̀, wọn kì í san kọ́bọ̀. Òun ló ń ya káàdì wọn sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ kó má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbíìlì. Ṣùgbọ́n dókítà wo ló ń mọ ìdí bíìlì? Tó bá là á yé wọn, wọ́n á fura pé akọ̀wé ni. Ohun tó mọ̀, ó gbé e mì. Ohun tí kò mọ̀ ló sọ.

Ó wo ojú Monísọ́lá. Ojú yẹn ń bẹ̀ ẹ́.

"Nígbà tí wọn ò rí nǹkan kan," ó ní, "kò pọn dandan."

Wọn ò lọ. Wọ́n tún fún wọn ní òmíràn, wọn ò lọ.

Ọ̀rọ̀ náà wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà ò kúkú yí padà. Tó bá gbé e lé itan, ó ń rí i. Ọjọ́ kan ní ibi iṣẹ́, ó fọgbọ́n bi Cynthia.

"Mà, nọ́ńbà tá a ń kọ yìí, pé wọn ò rí àìsàn kan pàtó. Ṣé ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ara ọmọ le?"

Cynthia bọ́ awò ojú ẹ̀. "Ara le bíi ti báwo? Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé wọn ò tíì sọ̀rọ̀. Ohun tí dókítà bá ṣì ń fura sí, a kì í fún un ní nọ́ńbà àìsàn. A máa dúró títí á fi dá a lójú. Ọ̀sẹ̀ tóo kọ́kọ́ dé ni mo kọ́ ọ. Orí ẹ dà, Laddie?"

Ó lọ fa káàdì náà yọ. Lókè nọ́ńbà tiẹ̀, nínú kíkọ tó dà bí ẹsẹ̀ adìẹ yẹn, ni ọ̀rọ̀ dókítà wà: ó fura pé eegun itan òsì ti yẹ̀ kúrò lójú ihò ẹ̀ ní ìbàdí, látinú oyún. Kí wọ́n gbé ọmọ padà wá kíákíá.

Látinú oyún, ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe ọwọ́ ìyá ẹ̀.

Gbogbo ìgbà tó fi ń jẹ ilá nílé yẹn, eegun náà wà níta. Ọmọ tó bá ti rìn kí wọ́n tó tún un ṣe lè yarọ títí ayé. Ó búra pé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kó tó jókòó, òun á sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú dé. Ó la ẹnu. Olúṣọlá ní, "Ẹ dúró, Dókítà, àwa la máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀." Ó di ìyàwó ẹ̀ lọ́wọ́ mú. "A ti rò ó. A ò ní ẹbí níbí. A fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ bàbá ìsàmì Wúrà."

Monísọ́lá ní, "Ẹ má sọ pé rárá o. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n wa nílùú yìí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n ju Ọládòṣù lọ, ẹ sọ fún mi, kí lẹ ò bá ṣe? Ẹ má dá mi lóhùn. Mo mọ irọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ pa.

Ó ní, "Ẹ ṣeun." Ọ̀rọ̀ tó gbé wá láti Rusholme, ó gbé e padà sí Rusholme. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé tó fẹ́ pàdánù ló ń rò. Ó ní òun rò ó ju ẹsẹ̀ ọmọ náà lọ. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mi ò fi kún un.

Ọjọ́ Àìkú kejì, ó kúkú ti pinnu. Ó ní kí wọ́n má tiẹ̀ gbé oúnjẹ wá. Monísọ́lá ní, "Ṣé inú ebi lẹ ti fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ni?" Ó gbé àwo síwájú ẹ̀. Òkèlè àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn.

Theresa ló wọlé, nọ́ọ̀sì ọsibítù wọn tó ń lọ láti ojúlé sí ojúlé wo àwọn ọmọ ọwọ́. Ó ní iṣẹ́ kọ́ ló gbé òun jáde lọ́jọ́ Àìkú, ọkàn òun ni kò balẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbójú sókè.

"Laddie?" Ó rẹ́rìn-ín. "Laddie! Kí lò ń wá níbí?"

Ilá ń kán sílẹ̀ láti ọwọ́ Ọládòṣù.

"Ẹ mọra yín?" Olúṣọlá wí. "Dókítà wa nìyẹn."

"Dókítà ta?"

"Dókítà wa. Ọsibítù yín ló wà. Òun ló wo X-ray Wúrà fún wa, ó ní kò sí nǹkan kan."

Ẹ̀rín kúrò lójú Theresa wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n pa iná. "Laddie kì í ṣe dókítà. Ófíìsì àwọn akọ̀wé ló wà, òun ló ń kọ nọ́ńbà sí káàdì. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ní kò sí nǹkan kan. Dókítà ń wá ọmọ yìí. Eegun itan ẹ̀ lè ti yẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti retí yín!"

Wúrà ń sọ tiẹ̀, ó ń fi ìka fa etí ìyá ẹ̀.

"Dókítà," Olúṣọlá pè é. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Mi ò fìgbà kankan sọ pé dókítà ni mí."

Ọ̀rọ̀ burúkú! Ó mọ̀ pé ó burú bó ṣe ń jáde.

Monísọ́lá wò ó. Kò pariwo. "Òótọ́ ni," ó ní. "Ẹ ò sọ. À ń pè yín, ẹ̀ ń dáhùn."

"Ìyá Wúrà, ẹ gbọ́. Ọwọ́ yín kọ́ ló ṣe é. Mo ti rí i. Látinú oyún ni. Mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́..."

"Ìgbà wo lẹ rí i?"

Ó gbé òkèlè ọwọ́ ẹ̀ padà sínú àwo.

"Ẹ ti rí i kí a tó fi yín ṣe bàbá ìsàmì ọmọ mi?"

Ó wo àwo tó wà níwájú ẹ̀.

Theresa ní ọkọ̀ òun wà níta, ọsibítù á gbà wọ́n nísinsìnyí, dókítà tó máa wò ó ń bẹ lórí iṣẹ́. Wọ́n ń wá fìlà ọmọ, wọ́n ń wá bàtà, wọ́n ń kọlu ara wọn. Ọládòṣù dìde, ó fẹ́ bá wọn mú báàgì. Olúṣọlá rọra gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ jẹ oúnjẹ yín tán." Ohùn ẹ̀ dẹ̀ tutù, ohùn tí wọ́n fi ń bá àjèjì sọ̀rọ̀. "Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ bá wa fa ilẹ̀kùn."

Ọkọ̀ gbéra.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bi mí. Ẹsẹ̀ ọmọ ńkọ́? Wọ́n fi símẹ́ńtì ọsibítù di itan ẹ̀ méjèèjì, wọ́n là á bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, ó wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù tó pọ̀. Wọ́n ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, bẹ́líìtì jẹ́jẹ́ kan ni ì bá tó. Ó rìn nígbẹ̀yìn, ó pẹ́ ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ Ọládòṣù ńkọ́? Láàárọ̀ Mọ́ńdè, òun fúnra ẹ̀ lọ bá Cynthia, ó sọ gbogbo ẹ̀. Cynthia gbọ́ ọ tán, ó ní, "Gbé kóòtù ẹ." Ó ti tán nìyẹn. Wọ́n wá ẹlòmíì fún bàbá ìsàmì.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni Ọládòṣù ń sọ tó bá ń sọ̀tàn yìí. Ìrọ̀lẹ́ Àìkú yẹn ló ń sọ.

Ó ní òun jókòó ti oúnjẹ náà, òun jẹ ẹ́ tán, nítorí wọ́n ní kí òun jẹ ẹ́ tán. Ó fọ àwo. Ó ká aṣọ ọmọ tó wà lórí àga. Ó pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, kó má baà jó wọn lówó. Kò sí nǹkan míì láti ṣe mọ́.

Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú. Ilẹ̀kùn yẹn, ẹ mọ irú ẹ̀, téèyàn bá ti fà á, ó ti tì nìyẹn, àfi onílé tó ní kọ́kọ́rọ́. Atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé. Ó ní òun mọ̀ pé òtútù ń wọ ilé wọn. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí òun ò tíì fà á, àlejò wọn ṣì ni òun.

Ó dúró síbẹ̀ títí iná òpópónà fi tàn.

Lẹ́yìn náà, ó rántí pé ọmọ á padà wá bá òtútù. Ó fà á.